Ohun Tí A Ní Là Ń Náání

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi àpéjọ àwọn ọmọ Ìlàjẹ, ará etí òkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní Èkó

Ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ jókòó síwájú, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọlọ́jà ẹja tí ẹ palẹ̀ ìsọ̀ mọ́ lónìí torí àpéjọ yìí, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìnára. Aṣojú kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró sẹ́yìn nítorí pé àga kò tó, mo rí yín, ẹ kú ìdúró. Ẹ̀yin tí ẹ ti Ugbò wá, ẹ̀yin ará Màhín, ẹ̀yin ará Ẹ̀tìkàn, ẹ̀yin ará Ahẹ́rì, ẹ̀yin ará Ayétòrò, mo kí yín, mo tún yín kí. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi lẹ́yìn? Ó dára.

Alága wa pè mí lórí fóònù, ó ní ohun tí ẹgbẹ́ fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni "Ìlú mi ni ìyangàn mi." Mo ní ó dára, mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó tì í, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú àkòrí yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Ìyangàn. Kí ni à ń fi yangàn? Ta là ń yangàn sí? Tí a bá yangàn tán lónìí, tí a ká aṣọ ẹgbẹ́jọdá wa sínú àpótí, kí ló kù fún ìlú lọ́wọ́?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n yí àkòrí náà padà díẹ̀. Alága, ẹ má bínú.

Ẹja tí mo dà nù

Àwọn àgbà ní ohun tí a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èpo igi. Ẹ wo ohun tí wọ́n mú nínú òwe yẹn: èpo igi. Ohun tí ẹlòmíràn ń gbá sí ààtàn. Ọmọ aṣẹ́gità mọ ara igi tó ti ṣí i, ó mọ ọjọ́ mélòó tó fi ń gbẹ, ó mọ irú iná tó ń dá. Nítorí pé ó mọ̀ ọ́n ló ṣe ń náání rẹ̀. Ẹni tó ń yangàn, ẹnu ló nílò. Ẹni tó ń náání, ó gbọ́dọ̀ mọ nǹkan, ó sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ tọ́ ọ. Èwo nínú méjèèjì ni àwa ń ṣe?

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín. Ní 1973 ni mo fi abúlé wa sílẹ̀, abúlé kékeré kan létí òkun, tí kò jìnnà sí Ayétòrò, tí mo lọ sí ilé-ìwé girama lókè, níbi tí ilẹ̀ ti le. Màmá mi di àpótí fún mi. Wọ́n fi aṣọ sí i, wọ́n fi ìwé sí i, wọ́n wá fi ẹja yíyan àti edé gbígbẹ di àlàfo tó kù. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo ṣí àpótí náà. Ọmọkùnrin kan láti ìlú òkè dìde lórí ibùsùn rẹ̀, ó ní, "Ta ló gbé ọjà ẹja wọ yàrá?" Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn orúkọ mi di Ẹlẹ́ja. Wọ́n ní aṣọ mi ń rùn. Wọ́n ní ará odò kì í fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, pé àárín omi ni wọ́n ń bí wa sí bí àkèré.

Kí ni mo ṣe? Lóru ọjọ́ kẹta, mo kó gbogbo ẹja náà, mo lọ dà á nù sínú igbó ẹ̀yìn ilé-ìwé.

Nígbà tí a gba ìsinmi, mo délé, mo ní, "Màmá, ẹ má di ẹja fún mi mọ́." Wọn kò nà mí. Wọn kò pariwo. Wọ́n kàn wò mí. Kí àkùkọ tó kọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jí mi, wọ́n ní ó yá, kí n tẹ̀ lé àwọn lọ sí ìdí ààrò. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ìsinmi yẹn, ibẹ̀ ni mo wà. Nígbà tó ku ọ̀la kí n padà, wọ́n bi mí pé, "Èélòó ni owó ilé-ìwé rẹ?" Mo sọ iye rẹ̀. Wọ́n ka agbọ̀n ẹja sílẹ̀ níwájú mi, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, títí ó fi pé méje. Wọ́n ní, "Owó ilé-ìwé rẹ nìyẹn. Ìwé tí o gbé dání yẹn, ẹja ni. Ṣé òun náà ń rùn?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣe olùkọ́. N kò rí ẹ̀kọ́ tó ju ìyẹn lọ.

Ìdí ààrò

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo fẹ́ sọ ni ti iṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀. Mo máa pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, torí pé nígbà tí a bá ń ki ìlú wa, ọkùnrin tó lọ sójú òkun là ń kì. Bẹ́ẹ̀, ẹja tí ọkọ̀ gbé gúnlẹ̀ kò tíì di owó. Obìnrin ló ń sọ ọ́ di owó. Ẹja kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí a kò bá tọ́jú ẹja òwúrọ̀ kó tó di alẹ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Yìnyín wo ló wà ní abúlé wa nígbà náà?

Báyìí ni màmá mi ṣe ń ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣa ẹja sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ṣawá sí ọ̀tọ̀, òbòkún sí ọ̀tọ̀, kúta sí ọ̀tọ̀, torí pé iná wọn kò dọ́gba. Ṣawá lọ́ràá nínú, eegun rẹ̀ sì pọ̀. Bí iná bá yá jù fún un, á ya, kò sì sẹ́ni tó máa ra ẹja yíya lọ́wọ́ rẹ. Wọ́n á tò ó sórí wáyà, orí ọ̀kan lẹ́bàá ìrù èkejì, kí èéfín lè ráyè kọjá. Iná àkọ́kọ́ á mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí ẹja lè jinná. Lẹ́yìn náà wọ́n á fa igi jáde, wọ́n á jẹ́ kí èéfín nìkan máa ṣiṣẹ́, lọ́sàn-án, lóru, wọ́n á sì máa yí i. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń yí i o. Ẹja tí wọ́n fẹ́ kó dé ọjà lọ́la, iná rẹ̀ kò pọ̀. Èyí tí wọ́n fẹ́ kó rin ìrìn-àjò dé Ìbàdàn tàbí Oǹdó, wọ́n á yan án títí tí yóò fi dún bí igi tí o bá fi èékánná kàn án.

Igi náà ńkọ́? Igi ẹ̀gbà ni wọ́n fẹ́ràn jù, igi etí omi oníyọ̀ yẹn tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró lórí ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ akàn. Iná rẹ̀ kì í tètè kú, èéfín rẹ̀ sì ń fún ẹja ní àwọ̀ pupa dídán tí àwọn oníbàárà mọ̀. Ẹ wò ó, mi ò tíì dárúkọ owó, mi ò tíì dárúkọ ọkọ̀ tó ń gbé agbọ̀n lọ sí èbúté Ìgbókòdá, mi ò tíì dárúkọ bí wọ́n ṣe ń mọ alágbàtà tó ń ṣèrú. Gbogbo ìyẹn wà lórí obìnrin tí kò ka ìwé kankan. Ojú tí wọ́n fi ń wo iná, èéfín ti gba ìdajì rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọgọ́ta ọdún. Mo fẹ́ ká rántí ìyẹn pẹ̀lú, torí náání kì í bo ìyà mọ́lẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin wá kí mi ní ilé mi níbí ní Èkó. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Mo ra òbòkún tútù, mo gbé e sílẹ̀ ní ilé ìdáná. Ó ní, "Bàbá àgbà, Títù yìí mà ní irùngbọ̀n!" Ẹja yìnyín tí wọ́n ń tà ní páálí nìkan ṣoṣo ló mọ̀, nítorí náà gbogbo ẹja ni Títù lójú rẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ. Ọmọ tí ìyá bàbá bàbá rẹ̀ lè di ojú kó sì fi ọwọ́ mọ ẹja mẹ́wàá nínú apẹ̀rẹ̀. Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo pe bàbá rẹ̀, ọmọ mi, mo bi í léèrè pé, "Ìwọ mélòó lo mọ̀?" Ó dákẹ́. Ẹ̀bi tèmi sì ni, torí pé èmi ni mo bí i, tí n kò kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín báyìí, kí kálukú dá ara rẹ̀ lóhùn nínú ọkàn rẹ̀. Ọmọ rẹ mọ orúkọ ẹja mélòó? Ó lè wa ọkọ̀? Tí o bá sọ̀rọ̀ sí i ní ohùn ilé, tí o pe iṣẹ́ ní uṣẹ́ bí a ti ń pè é, ṣé á yé e, àbí á ní èdè wo nìyẹn?

Ohun tí ọwọ́ kọ́ sórí ẹrẹ̀

Mo ti sọ fún yín pé abúlé wa kò jìnnà sí Ayétòrò. Ìlú yẹn ni ọ̀rọ̀ mi kẹta.

Ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní ọdún 1947 ni wọ́n tẹ Ayétòrò dó. Àwọn onígbàgbọ́ aláṣọ funfun, àwọn tí a mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Àpọ́sítélì Mímọ́, ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. Wọ́n ti rí inúnibíni ní abúlé tí wọ́n ti wá, nítorí pé wọ́n ń tako òrìṣà, wọ́n sì ń tako pípa ìbejì. Wọ́n wá síbi tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́, orí ẹrẹ̀, láàárín òkun àti irà. Wọ́n sì sọ ọ́ ní Ayétòrò. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: ayé tòrò. Àwọn tí ayé kò tòrò fún ni wọ́n sọ ìlú wọn bẹ́ẹ̀.

Kí ni wọ́n ṣe lórí ẹrẹ̀ yẹn? Wọ́n ri òpó igi mọ́lẹ̀, wọ́n kọ́ ilé sórí òpó, wọ́n sì fi pátákó ṣe ọ̀nà láti ilé dé ilé. Wọ́n gbẹ́ ipa omi kan láti ìlú wọ inú odò ẹ̀yìn, kí ọkọ̀ lè máa wọlé kó sì máa jáde. Àpò kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Apẹja kì í mú owó ẹja relé. Inú àpò ìlú ló ń lọ, àpò ìlú náà ló sì ń bọ́ gbogbo wọn, tó ń fi aṣọ wọ̀ wọ́n, tó ń kọ́lé fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé títí ó fi ku díẹ̀ kí ọdún 1970 pé, kí kálukú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ní tirẹ̀.

Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀run ló wà níbẹ̀. Ìgbé ayé yẹn le fún ọ̀pọ̀, pàápàá fún àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn obìnrin, òfin rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Wọ́n kan ọkọ̀ ńlá ẹlẹ́ńjìnnì tó ń pẹja lójú òkun. Wọ́n hun aṣọ. Wọ́n ṣe bàtà, wọ́n ṣe ọṣẹ, wọ́n ṣe búrẹ́dì. Iná mànàmáná dé ọ̀dọ̀ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan fìtílà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti òkè òkun wá láti wá wò ó, wọ́n sì ń pe ibẹ̀ ní ìlú aláyọ̀.

Mo ṣì kéré nígbà tí bàbá mi gbé mi sínú ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, à ń ti ibi ìpẹja bọ̀. Òkùnkùn biribiri ni. Bàbá mi na àjẹ̀ síwájú, wọ́n ní, "Wo ọ̀hún." Mo rí ìmọ́lẹ̀ lórí omi, ó tò lọ gbọọrọ, ó ń mì tìtì nínú ìgbì. Mo bi wọ́n pé ṣé ìràwọ̀ ló já bọ́. Wọ́n ní, "Rárá. Apẹja bíi tiwa ló tan án." Apẹja bíi tiwa! Ohun tí bàbá mi fẹ́ kí n mú dání nínú gbogbo ìran náà nìyẹn.

Ẹ sì má gbàgbé pé kì í ṣe Ayétòrò nìkan. Ẹ lọ sí Bàrígà, ẹ bèèrè Ìlàjẹ, wọ́n á júwe rẹ̀ fún yín. Ẹ lọ sí Màkókò, àwa àti àwọn Ẹ̀gùn la jọ wà níbẹ̀. Igi gẹdú tí wọ́n fi kọ́ púpọ̀ nínú ilé Èkó, àwọn bàbá wa ló so ó pọ̀ lórí omi, tí wọ́n fà á gba inú ọ̀sà wá sí Òkò Bàbá, tí wọ́n ń sùn lórí igi náà lójú ọ̀nà. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé ẹja dé Kamẹrúùnù, wọ́n dé Gàbọ́ọ̀nù. Níbi gbogbo tí wọ́n bá gúnlẹ̀ sí, wọ́n ri òpó, wọ́n sì dá ààrò.

Òkun

Ọ̀rọ̀ yìí ló wúwo jù lọ́kàn mi, mo sì mọ̀ pé òun ni ẹ̀yin náà ń rò.

Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Àwọn bàbá wa kò bá òkun jà. Bí omi bá fà, wọ́n mọ̀. Bí omi bá ń kún, wọ́n mọ̀. Bí ìgbì bá dé ẹnu ilé, wọ́n tú ilé wọn, wọ́n sì ṣí sẹ́yìn. Ilé onípátákó ṣeé tú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wo ló kù báyìí?

Ní ọdún bíi mẹ́ta sẹ́yìn, mo lọ sílé. Mo wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ní Ìgbókòdá, mo sọ fún ọmọkùnrin tó ń wà á pé kó gbé mi lọ síbi tí ààrò màmá mi wà. Mo dárúkọ adúgbò náà fún un. A ń lọ, a ń lọ. Mo ń wo etí omi, mo ń wá ibẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé a kò tíì dé ni?" Ó rọra pa ẹ́ńjìnnì, ó ní, "Bàbá, ẹ ti kọjá rẹ̀." Ó na ọwọ́ sẹ́yìn wa, sójú òkun. Òpó kan ló kù tó yọrí, ẹyẹ kan bà lé e. Mo ń wá ilé lórí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí rẹ̀ ni a ti gbà kọjá.

Ní Ayétòrò, ẹ̀yin tí ẹ ti ibẹ̀ wá mọ̀ ju èmi lọ: òkun ti gbé ilé, ó ti gbé ilé-ìwé, ó ti gbé ilé ìwòsàn, ó ti gbé ibi tí àwọn iṣẹ́ ọwọ́ tí mo sọ yẹn wà. Ó gbé itẹ́ òkú pẹ̀lú. Àwọn èèyàn ti ṣí ilé lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin.

Kí ló fà á? Àwọn kan ní ọwọ́ Ọlọ́run ni. Èmi kò gbà pé ká dúró síbẹ̀. Àwọn tó kọ́ nípa etí òkun ṣàlàyé pé ilẹ̀ wa kò rí bí ti Lẹ́kí. Iyanrìn ló wà ní Lẹ́kí, ẹrẹ̀ ló wà ní tiwa. Iyanrìn tí ìgbì ń kó bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn kì í dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí pé ọ̀gbun ńlá wà lábẹ́ òkun tó ń gbé e mì. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí kò ní iyanrìn ìdáàbòbò, ìgbì ń jẹ ẹ́ bí ẹ̀kọ. Omi òkun sì ń ga sí i káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn náà wà nínú rẹ̀. Ní ìhà Awóyè, abúlé kan létí òkun wa, ilé-iṣẹ́ epo gbẹ́ ọ̀nà omi láti inú irà bọ́ sínú òkun, kí ọkọ̀ wọn lè ríbi gbà. Omi iyọ̀ gba ibẹ̀ wọlé, ó pa igi, ó pa ẹja omi dídùn, omi mímu sì di iyọ̀. Ta ló bi wá kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ?

Láti 2004 ni a ti ń gbọ́ nípa iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi dí òkun ní Ayétòrò. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà jáde, wọ́n tún un gbé jáde. Ìgbì kò rí odi kankan. Mo bínú sí i, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà bínú, torí pé bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́. Ẹgbẹ́ yìí ní agbẹjọ́rò, ó ní ẹnjiníà, ó ní oníròyìn. Owó tí a ná sórí aṣọ tòní yìí, mo ti bi akápò. Ẹ jẹ́ kí ìdajì irú owó bẹ́ẹ̀ lọ sí iṣẹ́ àwọn agbẹjọ́rò àti ẹnjiníà wa lọ́dún tó ń bọ̀, kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ibi tó yẹ. Mo mọ̀ pé aṣọ yìí wù yín. Ó wu èmi náà. Ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ ná.

Orúkọ

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mi kò gùn.

Lẹ́yìn ọjọ́ tí mo kọjá lórí ilé màmá mi láìmọ̀, mo ra ìwé ńlá kan, òun ló wà lórí tábìlì yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ gbogbo ibi tí òkun ti gbé ní abúlé wa: ẹnu èbúté, ibi tí a ti ń sá àwọ̀n, igi tí a ń jókòó sábẹ́ rẹ̀, ojúlé kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó ni ín. Mo ya àwòrán rẹ̀ bí mo ṣe rántí. Lẹ́yìn èyí mo lọ bá àwọn àgbà, wọ́n tún mi ṣe: wọ́n ní èbúté kò sí lápá ibi tí mo fi í sí, wọ́n ní ilé mẹ́ta ni mo gbàgbé. Nínú àwọn mẹ́fà tó kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀, méjì ti lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣe irú rẹ̀ fún abúlé tiyín. Ẹ mú ọmọ yín dání kí ẹ tó lọ bá àwọn àgbà, kí ó jẹ́ òun ni yóò kọ ọ́. Kó kọ orúkọ ẹja pẹ̀lú. Àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ ń dá fóònù sókè látàárọ̀ tí ẹ ń ya àwòrán mi, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Mo ti fi ojú ìwé sílẹ̀ fún ìlú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mọ̀wé kó wá kọ, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kó wá sọ, a ó bá a kọ ọ́.

Ìyá kan wà níbí, lápá òsì, tí wọ́n wé gèlè aláwọ̀ omi òkun. Láti ìgbà tí mo ti dárúkọ igi ẹ̀gbà ni wọ́n ti ń mi orí, ó dà bíi pé ibì kan wà tí mo ti ṣì í sọ. Màmá, mo rí yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún wọn. Kí ọmọ kan wá síbi ìwé, kó mú gègé. Màmá, abúlé wo ni yín, ta ni ààrò yín sì kọjú sí?